Fọ́tò Tí Kì Í Béèrè Àlàyé

Adéfẹ́mi fi orúnkún kan kúnlẹ̀ sínú koríko tútù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ojú kan pọ̀, ó gbé ìkejì lé kámẹ́rà, ó ń pàṣẹ fún ìyàwó ẹ̀.

"Fọlákẹ́, sún sápá òsì. Òsì, mo ní òsì! Dúró síbẹ̀. Má rẹ́rìn-ín o."

"Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín? Ètè mi ti gan látàrí òtútù."

"Ètè yẹn gan-an ni mo ń fẹ́."

Ká! Ká! Ká-ká-ká!

Iṣẹ́ magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ni Adéfẹ́mi ń ṣe ní Torino nílẹ̀ Ítálì, páálí ló ń tò láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè, ayafọ́tò ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó wá yà yìí rẹwà, ká má purọ́. Orí òkè kan lẹ́yìn Saluzzo ló wà, níbi tí àwọn oko èso parí sí. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó sì ti gbó débi pé koríko ti hù sí ẹ̀gbẹ́ agogo. Itẹ́ òkú rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ọmọ tí ìyá pọ̀n. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ní Torino, ibi tí wọ́n ń kó táyà sí ni tẹ́lẹ̀. Bí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà, òórùn rọ́bà ló ń ṣe àmín.

Ohun tí Adéfẹ́mi ń wá kò ju fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹbí máa yìn ín fún. Bí Gbénró àbúrò ẹ̀, tó wà ní Arcella ní Padua, bá fi fóònù lásán ya tíràámù, ariwo á sọ lórí WhatsApp ẹbí: "Gbénró, o káre! Ọwọ́ ẹ ò ní rọ!" Bí Adéfẹ́mi bá fi tiẹ̀ ránṣẹ́, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Bóyá nítorí pé ó máa ń gé orí èèyàn kúrò nínú fọ́tò ni o.

Fọlákẹ́ wọ kóòtù dúdú tó balẹ̀. Imú ẹ̀ ń ṣomi. Ó tẹrí ba, ó fi áńkáṣíìfù nu ojú nu imú. Ẹ̀gbẹ́ sàréè tuntun kan tí òdòdó bò mọ́lẹ̀ ló sì dúró sí.

Ká!

Adéfẹ́mi fò sókè. "Fọ́tò dé!"

Kíá, ó ti gbà á sórí fóònù, ó ti fi ránṣẹ́ sí ẹbí.

"Kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀," Fọlákẹ́ ní, "kí wọ́n mọ ibi tá a wà."

"Fọ́tò tó bá dára kì í béèrè àlàyé."

"Ọ̀rọ̀ kan péré, Bàbá Ìfẹ́táyọ̀."

"N ò kọ!"

Ó wọnú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, Fọlákẹ́ tẹ̀ lé e. Ògiri ibẹ̀ nípọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan ò lè ráyè wọlé. Ó ya àga, ó ya àbẹ́là. Ó ya áńgẹ́lì kan, ó sì gé orí áńgẹ́lì náà kúrò.

Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò ẹ̀.

Gbìì! Gbìì! Gbììììì!

Ẹ̀rín gba ẹnu Adéfẹ́mi dé etí. "O ò rí i? Wọ́n ti ń yìn mí."

Ó wò ó. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o." "Áà, ikú ò ṣeun!" "Ọlọ́run á tu ìyàwó tó fi sílẹ̀ nínú."

"Yéè! Èèyàn kan ti kú nínú ẹbí!"

Ọmọlúàbí ni. Kò tilẹ̀ béèrè ẹni tó kú kó tó tẹ tiẹ̀: "Ó dùn mí wọra. Kí Ọlọ́run dúró ti ìyàwó olóògbé."



Ẹ̀rín ń pa èmi asọ̀tàn! Òkú ń bá wọn kẹ́dùn ara ẹ̀!

Gbénró ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ìyàwó wa, ṣé ìwọ lò ń fi fóònù ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé? Gba kámú. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Fọ́tò wọn ni ò dáa, ṣùgbọ́n ta ló mọ gbogbo nǹkan ṣe?"

Adéfẹ́mi kà á, ó tún un kà.

"Fọ́tò ta ni ò dáa?"

Fọlákẹ́ yọjú wo fóònù náà. Ó pariwo. "Bàbá Ìfẹ́táyọ̀, ìwọ ni wọ́n ní ó kú!"

Àṣé gbogbo ẹbí ti rí Fọlákẹ́ nínú aṣọ dúdú, tó ń nu ojú létí sàréè, tí ọkọ ẹ̀ ò sì sí nínú fọ́tò!

Adéfẹ́mi pe ìyá ẹ̀ ní Iléṣà, ìpè olójú-kojú. Àbúrò bàbá ẹ̀, Bàbá Ọlátẹ́jú, ló gbé e.

"Yéè! Àkúdàáyà! Ó ti dé ìlú tó tún ń gbé!"

"Bàbá, mi ò kú!"

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn! Òyìnbó onírungbọ̀n wo ló ń yọjú léjìká ẹ yẹn?"

Adéfẹ́mi bojú wẹ̀yìn. Ní Ítálì, wọ́n máa ń lẹ fọ́tò olóògbé mọ́ òkúta sàréè ẹ̀.

"Òkú ni, Bàbá."

"Ó ti ń bá wọn kẹ́gbẹ́!"

Gbàgà! Fóònù já bọ́, bàbá náà ṣubú tẹ̀ lé e.

Ìyá ló ṣa fóònù nílẹ̀. Ó ṣì ń sunkún. Fọlákẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀.

"Màmá, ẹ má sunkún mọ́. Ó wà láàyè. Mo ní kó kọ̀wé sábẹ́ fọ́tò, ó lóun ò kọ."

"Ó jiyàn?"

"Ó jiyàn, Màmá."

"Irọ́ ni!" Adéfẹ́mi ké látẹ̀yìn. "Mi ò jiyàn!"

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi ni. Òkú wo ló máa lágbára irú ẹ̀? Bàbá Ọlátẹ́jú, ẹ dìde nílẹ̀."

Adéfẹ́mi já fóònù gbà. "Màmá, fọ́tò náà ńkọ́? Ó dáa àbí kò dáa?"

"Fọ́tò tó mú gbogbo àdúgbò sunkún? Àwọn tí ò mọ̀ ẹ́ rí gan-an sunkún. Ìyàwó pásítọ̀ dákú!"

Orí Adéfẹ́mi wú fùkẹ̀.

"Ó dákú! Fọlákẹ́, ṣé o gbọ́? Ta ló dákú nítorí tíràámù Gbénró rí? Ó yá, padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yẹn, ká ya òmíràn."

Fọlákẹ́ rọra gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó yà á lọ́tẹ̀ yìí. Ìwọ, lọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀."