Mọ́tò Mi Lórí Kòkó Ìyá Fẹ́mi

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, kódà bí mo bá darúgbó débi tí mò ń wá gíláàsì tó wà lójú mi kiri. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ lọ kí ìyá Fẹ́mi nílé wọn. Fẹ́mi ti di ọkọ mi báyìí, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ọwọ́ ìyá yẹn ni gbogbo rẹ̀ ṣì wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Odòde, nílùú Ìdànrè. Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ń ra báàgì, mọ́tò onírìmóòtù lèmi ń rà. Kì í ṣe èyí tó ń sáré o, èyí tí wọ́n ṣe láti máa rọra gun òkúta ni. Ta ló máa gbé Ìdànrè tí irú rẹ̀ ò ní wù ú? Àbùkù kan ṣoṣo ló wà lára tèmi: táyà iwájú rẹ̀ ò lágbára láti yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Tó bá ti há sáàárín òkúta, mo lè tẹ rìmóòtù títí ìka á fi máa ro mí, á kàn máa gbọ̀n ni.

Fẹ́mi ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ni ìyá òun fi ń dán ọmọbìnrin wò, pé kòkó tí wọ́n sá sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ní kí n yí, kí oòrùn lè mú un dọ́gba. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń yí i: èèyàn á bọ́ bàtà, á máa wọ́ ẹsẹ̀ nínú kòkó lọ, á wọ́ ọ bọ̀. Ó ní kí n ṣáà ṣe é, kí n má sọ̀rọ̀, torí kò sí ohun tí ìyá òun kórìíra tó ọ̀lẹ.

Ọlọ́gbọ́n á ti gbọ́. Èmi rò ó lọ rò ó bọ̀, mo ní bí mo bá so igi tó léyín bí ìyarun mọ́ ìdí mọ́tò mi, tí mọ́tò ń fà á lọ nínú kòkó, ìyá á rí i pé mi ò ya ọ̀lẹ, pé mo tún gbọ́n pẹ̀lú. Mo dán an wò lórí ẹ̀wà tí mo tẹ́ sílẹ̀ nílé. Táyà rì, kò lè yí. Mo bá ra sáfò tuntun, ìyẹn ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí táyà iwájú, èyí tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Mo tún so òjé mọ́ táyà náà kó lè tẹ ilẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo tan án, díẹ̀ ló kù kó ká ìka mi mọ́ra. Inú mi dùn kọjá ààlà. Mi ò tiẹ̀ béèrè bóyá iná tó wà nínú mọ́tò á tó sáfò náà, èmi tí mo máa ń bú àwọn kọ́sítọ́mà mi pé ṣájà burúkú ni wọ́n fi ń pa fóònù wọn.

Mo débẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ìyá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n wo báàgì mi tó wúwo, wọ́n ní, "Ọmọ, kòkó wà lẹ́yìnkùlé."

Ìyá ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan. Ìkórè wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ti fọ sùtánà wọn, wọ́n sá a sísàlẹ̀ àpáta, ó ń tàn yanran. Kòkó wà lókè. Bí Fẹ́mi ṣe rí i tí mo yọ mọ́tò jáde, ó ká ọwọ́ lérí.

Ká má parọ́, ó kọ́kọ́ dára. Mọ́tò ń fa igi lọ, kòkó ń yí padà, tó bá dé ìpẹ̀kun á ṣẹ́rí padà bí ọmọ ológun. Ìyá gbé àpótí wá jókòó, wọ́n ń wòran. Orí mi wú. Mo ní, "Màmá, ẹ ti sinmi wàhálà báyìí."

Wọ́n ní, "Ìwọ náà ò ti ń sinmi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ní kí n fi agbára sáfò hàn wọ́n. Mo darí mọ́tò síbi tí kòkó ti nípọn jù, mo tẹ̀ ẹ́ kó ya sósì dé òpin. Sáfò fa gbogbo iná tó wà nínú mọ́tò, etí mọ́tò sì di pátápátá. Kò gbọ́ rìmóòtù mọ́. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn ló dì mú: máa lọ, máa ya sósì. Ló bá ń yí po. Àpáta yẹn sì dà gẹ̀rẹ́, gbogbo ìgbà tó bá yí po ló ń sún mọ́ sùtánà.

Mo tẹ rìmóòtù, mo gbọ̀n ọ́n, mo wá ń pariwo lé mọ́tò lórí bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo gbàgbé pé bàtà onígìgísẹ̀ ni mo wọ̀ wá ṣoge lójú ìyá. Kòkó yọ̀ lábẹ́ mi, mo fìdí jókòó gbì. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí eyín igi fi kọ́ sùtánà, tí mọ́tò fi ń wọ́ ọ káàkiri inú kòkó tutù, aṣọ funfun gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀. Ká sòótọ́, lọ́jọ́ yẹn, mọ́tò yẹn jọ ìyàwó jù mí lọ.

Ìyá dìde, wọ́n gbé e, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, táyà ń yí lófìfo. Wọ́n ní, "Pa á."

Mo ní, "Kò gbọ́ tèmi mọ́, mà."

Mo rákò lọ yọ bátìrì. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí àpáta lanu gbé mi mì. Mo mọ̀ pé ó ti parí, Fẹ́mi ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni rán mi níṣẹ́. Mo bọ́ bàtà, mo fọ sùtánà títí ọwọ́ mi fi bó, mo sá a sórí okùn, mo wá padà sínú kòkó. Mò ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, mò ń wọ́ ọ bọ̀, omijé ń dà lójú mi, títí oòrùn fi rọ̀.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. Ìyá ti fi etí ìró bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa wọ́n kú lọ. Wọ́n ní àwọn ti rí ọ̀lẹ, àwọn ti rí akíkanjú, ṣùgbọ́n àwọn ò rí ẹni tó ṣiṣẹ́ tó báyìí rí nítorí kó má baà ṣiṣẹ́. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní, "Ìgbà wo la lè wá rí àwọn òbí ẹ?"

Wọ́n wọ sùtánà yẹn lọ síkòórè, pẹ̀lú àbàwọ́n kan níṣẹ̀ẹ́tí tí mi ò rí fọ̀ kúrò. Èmi náà kọ́gbọ́n: ẹni tó bá gba alágbára síṣẹ́, kó ti múra oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti fún sáfò ní iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, etí mọ́tò ò sì di mọ́. Síbẹ̀, títí di òní, bí ìyá bá rí rìmóòtù lọ́wọ́ mi, wọn kì í tíì dáhùn ìkíni mi tí wọ́n á fi kọjá lọ ká aṣọ funfun wọn lórí àpáta. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń bá wọn ká a.