Ọjọ́ Tí Mo Sáré La Pápá Béísìbọ́ọ̀lù Kọjá

Bí mo bá tiẹ̀ gbàgbé gbogbo ohun tí ojú mi ti rí ní Amẹ́ríkà, ọ̀sán Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo lọ wo eré tí àwọn ọmọ yunifásítì kan nítòsí wa, ní Prince George's County, gbá kẹ́yìn nílé lọ́dún yẹn. Béísìbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn mi ní Ìbàdàn, wọ́n á ní, ṣé èyí tí wọ́n ń fi igi lù ni? Mo á ní òun ni. Wọ́n á ní, kí lo wá lọ wá níbẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Àbúrò mi obìnrin, Fúnkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì ń gbé ní Fort Washington, ló bí Dàmọ́lá. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, òun nìkan ló sì tọ́ ọ títí tó fi di géńdé. Ibí ni wọ́n bí Dàmọ́lá sí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "mo ti yó" lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó níwà ni. Láti kékeré ló ti yan béísìbọ́ọ̀lù láàyò. Ajubọ́ọ̀lù ni, ìyẹn ẹni tó máa ń dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Ọdún tó yẹ kó jáde yunifásítì gan-an ni èjìká rẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó wá ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà, ó ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mi ò gbọ́ kó ráhùn rí.

Èmi ní tèmi, Bowie ni mò ń gbé, ọkọ̀ ojú irin ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń wo gbogbo eré wọn lórí fóònù, tí mo fi sọ ara mi di ọ̀jọ̀gbọ́n béísìbọ́ọ̀lù. Bí ìsìn bá parí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo á kó àwọn bàbá ìjọ jọ síbi ìgbọ́kọ̀sí, mo á fi agboòjò ṣe igi, mo á máa ṣàlàyé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mi ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ pápá béísìbọ́ọ̀lù kankan rí láyé mi.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, Dàmọ́lá pè mí lórí fóònù. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ bó ṣe máa ń sọ ọ́.

"Ọ́ńkù, Sátidé ni a ó gbá kẹ́yìn nílé. Bí eré bá parí, wọ́n á pe àwa tí à ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá àti ìyá kálukú á sì mú un rìn lọ sí àárín pápá. Ṣé ẹ lè bá mi dúró síbi tó yẹ kí dádì mi dúró?"

Mo wá ní, "N óò débẹ̀ ṣáájú ìwọ alára."

Lóòótọ́ ni mo tètè dé. Ibi tí mo dé sí ni kò bójú mu.

Mo wọ ẹ̀wù pupa tó ní àmì ẹgbẹ́ wọn. Mo gbé pátákó kan dání tí mo kọ DÀMỌ́LÁ sí gàdàgbà pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀. Ìyàwó mi, tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó lè bá mi lọ, di mọ́ínmọ́ín sínú abọ́ ńlá kan kí n gbé e fún ọmọ náà. Bí mo ṣe gbọ́kọ̀ sílẹ̀ tán ni mo gbọ́ ariwo lápá ọ̀tún, mo rí àwọn tó wọ pupa bíi tèmi, mo wọlé, mo jókòó síwájú pátápátá, mo gbé pátákó mi sókè.

Mo pariwo gidigidi. Mo ṣàkíyèsí pé bọ́ọ̀lù wọn sanra ju ti orí fóònù lọ, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé fóònù ló ń mú un kéré. Mo rí i pé irun àwọn ọmọ náà gùn dé ẹ̀yìn. Mo ní bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ayé ìsinsìnyí ṣe ń ṣe nìyẹn. Obìnrin kan tó jókòó tì mí wo pátákó mi títí, ó wá fọ̀wọ̀ bi mí pé, "Èwo ni Dàmọ́lá?"

Mo nawọ́ sí ajubọ́ọ̀lù. "Èyí tó ga yẹn, tó ń fi ọwọ́ òsì jù ú. Ọmọ mi ni."

Obìnrin náà ní, "Ọmọ tèmi nìyẹn, sà. Kelly lorúkọ rẹ̀."

Pápá àwọn obìnrin ni mo wà, àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù tó tóbi díẹ̀ gbá irú eré náà. Ìdíje tiwọn náà wà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Kelly ló fi ọ̀nà hàn mí, kò sì rẹ́rìn-ín títí mo fi jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín àwọn yòókù.

Nígbà tí mo dé pápá tó yẹ, eré ti jìnnà. Mo wá Fúnkẹ́ títí, mo rí i lókè níbi tí èrò fún mọ́, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ilé ìwòsàn ló ti wá tààrà. Ó pè mí lórí fóònù.

"Bọ̀dá mi, níbo lẹ wà látàárọ̀?"

"Mò ń wo eré."

"Eré wo?"

Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, mo jókòó síbi tí mo ti rí àyè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Mísì Lọ́rẹ́tà. Ará Forestville ni. Kò ní ọmọ kankan nínú ẹgbẹ́ náà, kò sì ní ọmọ-ọmọ níbẹ̀, ó kàn fẹ́ràn wọn ni. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn. Ó ka orúkọ Dàmọ́lá lára pátákó mi, ó ní, "Ọmọ yẹn? Òun ló máa ń gbé omi fún àwọn tó kù, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dìde dì mọ́ ẹni tó bá ṣe àṣìṣe. Ẹni tí wọ́n gbé jókòó bẹ́ẹ̀ yẹ kó bínú. Mi ò rí i kó bínú rí."

Orí mi wú. Bí orí mi ṣe wú ni mo ṣí abọ́ mọ́ínmọ́ín lé itan mi kí n bu díẹ̀ fún un. Ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Hẹ́ẹ̀dì ọ́ọ̀pù!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Orí sókè ni wọ́n wí, mo sì gbé orí sókè. Mi ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀, kí kálukú ṣọ́ra. Àwọn yòókù forí pamọ́ sábẹ́ apá, èmi nìkan ni mo gbójú sókè tí mò ń wo sánmà bí ẹni tó ń retí òjò. Bọ́ọ̀lù náà kò bà mí. Inú abọ́ ló balẹ̀ sí. Mọ́ínmọ́ín fò. Ó lẹ̀ mọ́ mi láyà, ó lẹ̀ mọ́ mi ní ṣòkòtò, ó kan irùngbọ̀n ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wa.

Mísì Lọ́rẹ́tà na ọwọ́ sínú abọ́, ó yọ bọ́ọ̀lù, ó nù ún, ó gbé e fún mi. Ó wá fi ìka tọ́ èyí tó ṣẹ́kù wò. Ó ní, "Họ́nì, kí ni wọ́n ń pe oúnjẹ yìí? Ó dùn."

Mo ní n kò lè bá ọmọ rìn níwájú gbogbo ayé pẹ̀lú ẹ̀wà lára. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ àga àwọn òǹwòran, mo fomi fọ ṣòkòtò náà lára mi. Ó kúkú burú sí i, nítorí ẹ̀wà ti lọ ṣùgbọ́n omi wá gba ibẹ̀, ibi tí omi sì gbà kì í ṣe ibi téèyàn fi ń han àlejò. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn ẹni tó ń kéde lórí ẹ̀rọ. Ó pe orúkọ kan. Ó pè é bí ẹní ń jẹ eegun, àmọ́ mo dá a mọ̀. Dàmọ́lá ni wọ́n pè. Òun ló kàn láti ju bọ́ọ̀lù, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Mi ò nu ọwọ́. Mo sáré jáde, ẹnu ọ̀nà tí mo sì gbà kì í ṣe èyí tí mo gbà wọlé. Ọ̀nà tóóró kan ló gbé mi lọ, ó yí, ó tún yí, nígbà tí mo máa yọjú, mo bá ara mi nídìí ògiri ìpẹ̀kun pápá lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn ajubọ́ọ̀lù ti ń na ara. Òǹwòran kì í débẹ̀. Ọkùnrin sẹ̀kúríìtì kan dìde sí mi.

"Sà, ẹ ò lè wà níbí."

"Ọmọ mi ni wọ́n pè yẹn."

Ó wo ẹ̀wù mi, ó wo ṣòkòtò mi, ó wo pátákó tí mo ṣì há sí abíyá. Ó yẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ má mira."

Báyìí ni mo ṣe rí i nípasẹ̀ wáyà, tí kò sí orí ẹnikẹ́ni tó dí mi lójú. Àwọn tiwa fi ẹyọ kan ṣíwájú. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n gbọ́dọ̀ lé jáde kí eré parí, àwọn àlejò sì ti ní ẹnì kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí pápá po, tí ẹyọ á fi dọ́gba bó bá parí rẹ̀. Ẹni tó di igi mú síngbọnlẹ̀ bí igi ìrókò. Kóòṣì wọn gbé bọ́ọ̀lù lé Dàmọ́lá lọ́wọ́, ó sọ nǹkan kan sí i létí, ó sì kúrò.

Ọmọ náà dúró. Mo rí i tó mí kanlẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó jù ú, bọ́ọ̀lù lọ sápá ibi tí kò dáa. Mo rí i tó fọwọ́ kan èjìká. Èmi tí mo ti ń pariwo látàárọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, mo wá di wáyà mú gírígírí. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin yẹn lù ú, ó ré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún jù ú, ọkùnrin náà fi igi wá a, kò rí i. Bó bá tún kùnà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti lé e jáde nìyẹn. Ó wá ju èyí tó gbẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù náà ń bọ̀ tààrà bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á, nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ni ó tẹ̀ sísàlẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ kí àgbà. Igi gé afẹ́fẹ́. Rẹfirí nawọ́. Ó parí.

Mo dì mọ́ sẹ̀kúríìtì. Ó fàyè gbà mí.

Àwọn ọmọ fò mọ́ ara wọn, wọ́n gbé Dàmọ́lá sókè. Kò pẹ́ tí wọ́n tò sí ìlà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń jáde. Mo rí Fúnkẹ́ lọ́hùn-ún, ó ti dúró ní apá òsì ọmọ rẹ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ọ̀nà tí mo gbà wá ti dàrú mọ́ mi lójú. Mo bi sẹ̀kúríìtì pé èwo ló yá jù. Ó ṣí géètì kékeré kan. Ó ní, "Ẹ máa sáré."

Mo sáré. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, ṣòkòtò tútù, pátákó lọ́wọ́, mo la gbogbo pápá yẹn kọjá lórí koríko tí wọ́n gé bíi kápẹ́ẹ̀tì. Bàtà mi kan bọ́, mi ò bojú wẹ̀yìn. Àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rò pé wèrè ni. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ Mísì Lọ́rẹ́tà tó ń pe orúkọ ọmọ náà, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbè é, wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Dàmọ́lá kò dúró dè mí. Ó kúrò nínú ìlà, ó wá pàdé mi. Mo la apá kí n dì mọ́ ọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun ẹgbẹ́ rẹ̀, níwájú gbogbo èrò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, òyìnbó, tó rò pé apá kan ètò ni, dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e.

Mo ní, "Dìde, ọmọ mi, dìde. Ta ló kọ́ ọ?"

Ó ní, "Mọ́mì sọ fún mi pé bí dádì ṣe máa ń kí yín nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ọkọ Fúnkẹ́ kì í kí mi lóòró, àná rere ni. Mo fa ọmọ náà dìde, mo mú un lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyá rẹ̀ mú un lọ́wọ́ òsì, a rìn dé àárín pápá. Fúnkẹ́ ń sunkún. Ó sọ sí mi létí láìyíjú pé, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pátákó yẹn bo iwájú ṣòkòtò yín."

Dàmọ́lá ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn báyìí, kì í ju bọ́ọ̀lù mọ́. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni pé ẹni tí kò mọ ọ̀nà, kó béèrè kó tó jókòó, kó má sì sọ pé òun mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun kò dé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibi ẹ̀yẹ ọmọ ni, kéèyàn ṣáà ti dé, bó tiẹ̀ fi ìdójútì débẹ̀. Nígbà míì tí mọ́tò bá dúró gbagidi lórí Beltway, títì ńlá tó yí ìlú ká, ọ̀rọ̀ náà á sọ sí mi lọ́kàn, mo á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lémi nìkan, títí ẹni tó wà nínú mọ́tò ẹ̀gbẹ́ mi á fi rọra yí gíláàsì rẹ̀ sókè.