Òfin Tuntun Lórí Ìtẹ́lọ́rùn Tí Kò Gba Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ Kọjá

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Ìyeyè, tọmọdé tàgbà, ẹ dáwọ́ ohun tí ẹ ń ṣe dúró. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, kó gbé òkèlè tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì ná, kí ọ̀rọ̀ yìí má baà há a lọ́fun. Baálẹ̀ Akínbọ̀dé ló ní kí agogo dún. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì yí padà lójú ọ̀nà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ìdajì kó sá lọ.

Ẹ kúkú mọ bí a ti ń ṣe é nílùú yìí. Bí ọjà tí a rà bá bàjẹ́, a kì í gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ta ló ń ṣe irú ìyẹn? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ là ń gbé e lọ. Ẹni tó rà á yóò ká apá aṣọ, ẹni tó tà á yóò búra pé ọwọ́ òun kọ́ ló ti bàjẹ́, ẹbí yóò pín sí méjì. Baálẹ̀ yóò gbọ́ tọ̀tún, wọn yóò gbọ́ tòsì, wọn yóò ní àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi, obì yóò sì délẹ̀. Obì yẹn ni Baálẹ̀ fi ń panu láàárọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí wọ́n ti ń jókòó sórí àga náà, kò sí àárọ̀ kan tí wọn kò rí aago tó kú, bàtà tó já, tàbí fáànù tó ń pariwo láìfẹ́ atẹ́gùn.

Ní báyìí, ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ẹsẹ̀ èèyàn kan kò tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Baálẹ̀ á jí, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ agbádá, wọ́n á jókòó. Adìyẹ nìkan ló ń wá kí wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, Baálẹ̀ dá ẹjọ́ láàárín àkùkọ méjì. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbé obì wá nínú wọn. Ìyẹn ló bí Baálẹ̀ nínú tí wọ́n fi ní kí a wádìí.

A wádìí. Fárínlóyè ni. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan ni, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ àti irin sí ìkóríta ọ̀nà oko lọ́dún yìí. Bó bá ta ọjà fún ọ, yóò fún ọ ní ìwé kan tó ń pè ní gárántì, pé bí ọjà náà bá bàjẹ́ kí ọdún tó yípo, kí o gbé e wá kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìlú fi í rẹ́rìn-ín. A fi ìwé náà pọ́n ẹ̀pà. Ó wá di ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìlọta tí Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, alọta ìsàlẹ̀ odò, rà lọ́wọ́ rẹ̀ dákẹ́ lójijì, tí ata rodo odidi igbá kan há sí i lọ́fun.

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ kò mọ̀ọ́mọ̀ dẹ́ṣẹ̀. Ilé Baálẹ̀ ló dorí kọ. Ó ti fi ọ̀já gba ìdí, ó ti kó àbúrò mẹ́ta dání, ó sì ti to èébú sílẹ̀ láti orí èyí tó kéré dé orí èyí tó kan ìdílé. Ṣùgbọ́n iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀nà gbà. Fárínlóyè rí ẹ̀rọ lórí ọmọlanke, ó sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ìyá má bínú, ẹ̀bi òun ni. Ó gbé omi tútù fún un. Ó gbé ẹ̀rọ tuntun fún un. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìyá dúró lójú títì pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun, èébú kún ẹnu rẹ̀, kò rí ẹni tó máa bú. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló padà bú nígbà tí wọ́n délé, nítorí èébú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sùn. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń wá ìwé gárántì wọn kiri nínú èèpo ẹ̀pà.

Àṣẹ mẹ́fà ni Baálẹ̀ pa lọ́jọ́ Ajé náà. Ẹ fi ìka kà á.

Èkíní: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ìtẹ́lọ́rùn nílùú yìí láìkọ́kọ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ kọjá. Ẹni tí a bá mú tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nídìí ọjà tí wọ́n pààrọ̀ fún un, ọgọ́rùn-ún ebè ni yóò kọ sóko Baálẹ̀, yóò sì máa fajú ro bó ṣe ń kọ ọ́.

Èkejì: Oníṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá gbé ọjà tó bàjẹ́ wá bá gbọ́dọ̀ sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbọ́dọ̀ sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta! Lẹ́ẹ̀kẹta, kó fi ìyá rẹ̀ búra. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kò bá sí mọ́ lè yá ti aládùúgbò.

Ẹ̀kẹta: Kí oníṣọ́ọ̀bù máa ní ẹ̀bi òun ni, a ti kà á mọ́ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Ẹni tó bá sọ ọ́ létí ọmọdé, ọjọ́ méje ni yóò fi ọṣẹ dúdú fọ ẹnu.

Ẹ̀kẹrin: A kò gbọdọ̀ fún oníbàárà lómi tútù. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, omi wà nílé Baálẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Kí Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ dá ẹ̀rọ tuntun padà kí ọjọ́ ọjà tó pé, kó gba èyí tó bàjẹ́, kí wọ́n wá ja ìjà náà bó ṣe yẹ. Ìyá bẹ̀bẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà lòun fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Ó ní bó bá jẹ́ ti ìjà ni, òun á máa wá jà lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Baálẹ̀ kọ̀, wọ́n ní ìjà tí kò ní ìdí kì í dùn ún dá.

Ẹ̀kẹfà: Kí a ti ṣọ́ọ̀bù Fárínlóyè pa títí ayé.

Orí ẹ̀kẹfà yìí ni nǹkan ti yíwọ́. Súbúọlá, ọlọ́dẹ Baálẹ̀, mú àgádágodo lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fi kọ́ ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Ó fi òkúta lù ú, kò wọlé. Fárínlóyè yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀dọ̀ òun nilé Baálẹ̀ ti rà á, ọdún kò sì tíì yípo. Ó wọlé lọ mú tuntun wá. Ó bẹ Súbúọlá pé kó má bínú fún wàhálà tó ṣe. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń tì í, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ pa, ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún un, ó dúpẹ́ pé wọ́n ń ra ọjà lọ́wọ́ òun. Súbúọlá kò lè gbójú sókè nígbà tó délé. Baálẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ Fárínlóyè ti di méjì.

Lánàá, fóònù Baálẹ̀ dún. Akéde tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀, òun ló bá wọn wá gíláàsì ojú wọn. Fárínlóyè ló pè. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá àgádágodo náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Baálẹ̀ ní ó ń ṣiṣẹ́. Ó béèrè bóyá ó ń fún wọn ní ìyọnu kankan. Baálẹ̀ ní rárá. Ó wá ní Baálẹ̀ fúnra wọn ńkọ́, ṣé ara le? Ó sì dúró gbọ́ èsì.

Àwọn tó ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ń béèrè àlàáfíà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́ èsì tán kí wọ́n tó máa na ìka síra wọn. Baálẹ̀ ní orúnkún ọ̀tún ń dun àwọn bí òjò bá ṣú. Wọ́n ní oorun kò dùn mọ́ láti ìgbà tí ìyàwó àwọn ti kú. Wọ́n sọ ti ọmọ wọn tó wà lókè òkun, tí kì í pè. Wọ́n ń sọ ọ́ títí oòrùn fi kúrò lójúde. Fárínlóyè kàn ń ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà, mò ń gbọ́ yín sà. Nígbà tí wọ́n parí, Baálẹ̀ fi etí agbádá nu ojú, wọ́n ní eruku ni. Eruku ni o! Ẹni tó bá ní kì í ṣe eruku, ọgọ́rùn-ún ebè.

Nítorí náà, Baálẹ̀ ti wọ́gi lé àṣẹ karùn-ún àti ìkẹfà. Kí Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ máa lọ ata rẹ̀. Kí Fárínlóyè wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mẹ́rin tó kù ṣì dúró, nítorí àgbà kì í jẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan.

Àṣẹ kan ṣoṣo ló kù. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, láti ìdájí títí di àṣálẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe fóònù Baálẹ̀. Ẹnikẹ́ni! Fárínlóyè ní òun máa tún pè lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan péré ni òfin yìí kò mú, ọmọ tó wà lókè òkun, bó bá rántí.

Ohun tí wọ́n fi rán akéde ló jẹ́ yìí, kò dín, kò lé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ sí i, kó wá bá akéde nílé, kó má pe Baálẹ̀.