Ìkọ́kọrẹ́ Tí Mo Fi Pásẹ́ǹtì Sè

Ọjọ́ kan wà tó há mi lọ́kàn bí eegun ẹja ṣe ń há ọ̀fun. Bí mo bá ti rí abọ́ òfìfo báyìí, ọjọ́ náà á yọjú, á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ fara balẹ̀, n ó sọ ọ́.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wa. Àwa tí wọ́n bí ní sáà kan náà là ń kóra jọ, a ó sì fi ẹnì kan ṣe gíwá, ìyẹn olórí wa. Ẹsẹ̀ ti ń dun gíwá wa, ó ní òun fẹ́ sinmi. Ẹni méjì lojú ẹgbẹ́ wà lára wọn láti gbapò: èmi, àti Àlàájì Súlè tó ń ta pákó, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Ipò náà wù mí débi pé mo ti ń fi ìrìn gíwá rìn lọ sí balùwẹ̀.

Ó wá kan ilé mi láti gbàlejò ẹgbẹ́. Nígbà tí mo gbà wọ́n kẹ́yìn, ogójì la jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ará Ayépé àti Odogbolu ti padà sínú ẹgbẹ́, ọgọ́ta èèyàn ló ní àwọn ń bọ̀. Níbi tí a ti ń ṣètò, Àlàájì dìde, ó tún fìlà ṣe.

“Alihamudulilai, ẹgbẹ́ wa ti fi àádọ́ta pásẹ́ǹtì lé sí i.”

Kí ló kàn mí? Mo fò dìde. “Irọ́ ni! Ogún ló lé. Ogún nínú ọgọ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pásẹ́ǹtì!”

“Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ọgọ́ta la ti bẹ̀rẹ̀ ni, tí o fi ń fi ọgọ́ta pín in?”

“Ọgọ́ta la jẹ́ báyìí. Àbí o fẹ́ lé ogún padà sílé wọn?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, mo jókòó bí ajagunṣẹ́gun. Ohùn mi ló borí o. Ìṣirò mi ò borí nǹkan kan.

Mo délé. Ìyá Ṣọlá, aya mi, kò sẹ́ni tó lè fi ewùrà se ìkọ́kọrẹ́ bíi tirẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa.

“Bàbá Ṣọlá, èèyàn mélòó ló ń bọ̀?”

Ṣé gíwá ló yẹ kó máa dáhùn irú ìbéèrè yẹn? Mo ní, “Ṣebí oúnjẹ ogójì èèyàn lo sè nígbà yẹn? Fi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pásẹ́ǹtì lé e.”

“Mo ní èèyàn mélòó.”

“Mo sì ti dá ọ lóhùn. Báyìí làwọn aṣáájú ṣe ń sọ̀rọ̀.”

Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ awò ojú. Ó fi fóònù rẹ̀ ṣírò, ó sì se abọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta. N kò bi í léèrè, n kò kà á.

Ọjọ́ pé. Ẹgbẹ́ kún àgbàlá mi fọ́fọ́. Àṣà wa ni pé ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá ló ń kọ́kọ́ jẹun, àwọn aṣáájú ló ń gbẹ̀yìn. Ará Odogbolu jẹ, ará Ayépé jẹ, wọ́n ń lá ọwọ́. Ìgbà tó kan tábìlì àwọn aṣáájú, Ìyá Ṣọlá dojú ìkòkò dé. Àwa méje ló kù: gíwá, Àlàájì, àwọn ìjòyè ẹgbẹ́, àti èmi onílé.

“Ó ti tán,” ni ó wí. “Ohun tí ẹ ní kí n fi lé e ni mo fi lé e.”

Mo sáré wọlé, mo bu gààrí Ìjẹ̀bú sínú abọ́, mo da omi tútù lé e, mo gbé e fún gíwá tòun ti ẹ̀pà. Gààrí náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àlàájì nawọ́ sí i.

“Ẹ wò ó, òun náà ti ń pọ̀ sí i. Baba ìṣirò, pásẹ́ǹtì mélòó nìyẹn?”

Gíwá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Àlàájì fà mí mọ́ra. “Ogójì la wà tẹ́lẹ̀. Ogún ló lé. Ogún, ìdajì ogójì ni. Àádọ́ta nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi.”

Ó yé mi. Ó yé mi jù, ìyẹn ló tún bà mí jẹ́. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, tí a fẹ́ fi yan gíwá, ogójì èèyàn péré ló lè wá, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún jẹ́ kó bọ́ sílé mi, kí n fi wẹ ara mi mọ́. Mo pe Ìyá Ṣọlá.

“Oúnjẹ ọgọ́ta ni ká fi ṣe ìpìlẹ̀. Yọ àádọ́ta pásẹ́ǹtì kúrò.”

“Èèyàn mélòó, Bàbá Ṣọlá?”

“Ohun tó fi àádọ́ta gòkè, àádọ́ta náà ni yóò fi sọ̀ kalẹ̀!”

Ìdajì ọgọ́ta, ọgbọ̀n. Ó se abọ́ ọgbọ̀n fún ogójì èèyàn. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí gààrí nílé.

Ebi kì í jẹ́ kí ìdìbò pẹ́. Àlàájì Súlè ni wọ́n fi ṣe gíwá kí n tó parí àlàyé. Wọn ò gbàgbé mi ṣá: wọ́n ní kí n máa bójú tó omi mímu, nítorí kànga kì í béèrè pásẹ́ǹtì.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àṣé ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ mi. Kí nǹkan gòkè ni o, kó sọ̀ kalẹ̀ ni o, ibi tó ti gbéra ni kẹ́ ẹ fi pín in. Èmi mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n Ìyá Ṣọlá ò gbà mí gbọ́. Lánàá òde yìí, mo ní kó bu ọbẹ̀ kún tèmi díẹ̀. Ó gbé ṣíbí sókè, ó ní, “Bàbá Ṣọlá, ẹ ka ẹja tó kù nínú abọ́ yín ná.” Mo kà á. Ọ̀kan ni. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì na abọ́ sí i.