Òfin Òtútù fún Àgbébọ̀ Mẹ́sàn-án, àti Ẹni Tó Dí Ihò Wọn

Kó-kó-kó! Kó-kó-kó! Bẹ́ẹ̀ ni agogo Láníhùn, akéde Ìgbó-Ọ̀wú, ṣe máa ń dún nírọ̀lẹ́, bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àwẹ̀ró, bá ń kó adìẹ wọ àgò. Láníhùn á ké, adìẹ á ké, Àwẹ̀ró á sì pariwo mọ́ gbogbo wọn. Ọdún mọ́kànlélógójì rèé tí mo ti wà nílùú yìnyín yìí. N kò ní agogo. Ọmọrí ìkòkò ni mo dì mú.

Kó-kó-kó! Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará ẹ̀yìnkùlé, ẹ gbọ́! Àgbébọ̀ mẹ́sàn-án, ẹ gbọ́! Pítà aládùúgbò tó ń yọjú lórí ọgbà, ìwọ náà gbọ́! Olorì ilé wa, Mojírọ́lá ìyàwó mi, ló rán mi. Ẹnu tèmi ni, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni! Òtútù ti dé. Omi ti di òkúta. Ẹyin mẹ́fà lójúmọ́ ti di ẹyọ kan! Mo tún un wí: ẹyọ kan!

Òfin kìíní. Àgbébọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí igi pẹlẹbẹ ni kó bà, kó lè fi ìyẹ́ àyà bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹni tó bá lọ bà lókùn, ara okùn ò ní rọ̀, ara rẹ̀ ò ní rọ̀, ara Olorì pàápàá ò ní rọ̀.

Òfin kejì. Koríko gbígbẹ nílẹ̀, kó nípọn dé orúnkún àgbébọ̀. Ẹni tó bá da omi sí i, àgbàdo ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ di ti ẹlòmíràn!

Òfin kẹta. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Iná yóò máa tàn kí ilẹ̀ tó mọ́, torí oòrùn ìlú yìí kì í tètè jí, bí ọmọ ọlọ́rọ̀. Àgbébọ̀ tó bá rí iná tí kò yé ẹyin, kó wá rò tẹnu rẹ̀ níwájú Olorì. Kó mú ẹlẹ́rìí dání!

Òfin kẹrin. Èyí wúwo. Ihò mẹ́rin tó wà lókè ilé adìẹ, lábẹ́ òrùlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí wọn! Mo tún un wí: ẹnikẹ́ni! Èémí adìẹ gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde. Bí kò bá rọ́nà, á di omi, omi á di yìnyín, yìnyín á bu ogbe jẹ. A ti rí i lára Ìyálóde, àgbébọ̀ pupa tó dàgbà jù. Ṣónṣó ogbe rẹ̀ ti dúdú. Òrí tí Àwẹ̀ró fi ránṣẹ́ láti ilé la fi ń ra á.

Ẹnìkan ló ṣe é! Ó rò pé òtútù yìí dà bí ọyẹ́ Ìgbó-Ọ̀wú, tí a máa ń fi àkísà dí gbogbo ihò fèrèsé. Ó ya agbádá rẹ̀ àtijọ́, ó fi dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pin-pin. Ó tún wá ń yangàn.

Ìjìyà rẹ̀: lílé kúrò nílùú! Kó lọ síbi tí yìnyín kò sí. Kó má padà títí koríko yóò fi hù. Olorì àti Pítà yóò tọ́jú agbo. Ọdún méje ni ọ̀daràn yìí fi ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ì bá wálé, bí kì í bá ṣe ti adìẹ òun. Ẹ̀gbọ́n náà ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Olorì ní àwáwí ti tán.

Ẹ̀yin àgbébọ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́. Ẹni tó gbọ́, kó jí ẹni tó ń tòògbé. Kó-kó-kó!

Mo gbé ọmọrí ìkòkò sílẹ̀, mo ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró:

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti lé mi nílùú nítorí adìẹ. Mò ń bọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ má tíì ti àgò. Ó ku ẹnìkan níta.”