Ọ̀dà Tí Mo Fi Kun Bíréèkì Mọ́tò Mi

Ohun mẹ́ta ni mo pàdánù ní òwúrọ̀ Sátidé kan: ọ̀pọ̀ pupuru (oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń rọ roboto, tí a sì ń fi èéfín gbẹ), iná iwájú mọ́tò mi kan, àti ìyá ìyàwó mi gẹ́gẹ́ bí èrò ọkọ̀ mi. Mo ti fi pupuru mìíràn dípò èyí tó bàjẹ́, mo sì ti ra iná tuntun. Ìyá ìyàwó mi nìkan ni kò tíì padà wọ mọ́tò. Ọjọ́ náà kò ní tán lọ́kàn mi láéláé, mo sì ń kọ ọ́ síta kí ayé lè mọ àwọn tó yẹ ká bi léèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ni ẹ óò kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá ń gbé Okitipupa mọ̀ pé òjò wa kì í tètè dá. Bí a bá gbé mọ́tò sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré, dísíìkì bíréèkì rẹ̀, ìyẹn irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí, á ti dípẹtà. Tèmi hàn kedere láàárín ihò ríìmù. Nígbà tí mo lọ kí ìyá ìyàwó mi ní Erinje, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó wò ó títí.

“Tíṣà, kí ló ṣe ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ? Ṣé egbò ni àbí làálì?”

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọkọ ọmọ kì í gbé ohun tó légbò wọ ilé àna.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyàwó mi bímọ sí Àjàgbà. Màmá fẹ́ lọ máa bá a wẹ ọmọ, ó sì ti to pupuru rẹpẹtẹ sórí pẹpẹ lókè iná ní àgbàlá rẹ̀, kó lè gbẹ dáadáa kó tó gbé e dání. Èmi ni n ó gbé wọn lọ ní Sátidé. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta ọ̀dà.

“Ọ̀gá, ojúlówó ọ̀dà bíréèkì rèé,” ni ó wí. “Iná ò lè jó o, ìpẹtà ò lè sún mọ́ ọn.”

“Ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo lè kùn?”

“Gbogbo ẹ̀ pátá! Ẹ wo àwòrán ara agolo. Ṣé ẹ rí ibi tí wọ́n fò?”

Lóòótọ́, dísíìkì inú àwòrán ń dán láti etí dé etí. Àlàyé wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní èdè kan tí lẹ́tà rẹ̀ rí bí igi tí ìjì wó. Èmi kò lè kà á, ẹni tó ń tà á náà kò lè kà á.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo fi jáàkì gbé mọ́tò, mo tú táyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kun kálípà, irin tó máa ń di dísíìkì mú, ní pupa. Mo kun dísíìkì ní àwọ̀ fàdákà, tojú tẹ̀yìn. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, mo tún ṣe ohun kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa, àgbẹ̀ tó bá ti oko dé a máa fi òróró ra àdá rẹ̀ kó tó gbé e kọ́. Èmi fúnra mi, tíṣà sáyẹ́ǹsì, ni mo máa ń fi ìṣó méjì han àwọn ọmọ iléèwé, ọ̀kan nínú omi, ọ̀kan nínú òróró, kí wọ́n lè rí i pé ti inú òróró kì í dípẹtà. Ọgbọ́n bàbá mi àti ọgbọ́n ìwé ti fohùn ṣọ̀kan. Mo bu àdín, mo fi ra dísíìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyàwó mi dé, ó wò ó. “Ó dára o. Ṣùgbọ́n ṣé kò ní máa yọ̀?”

“Ta ló kọ́ sáyẹ́ǹsì nínú àwa méjèèjì?” ni mo dá a lóhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ bíréèkì lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, mọ́tò sì rọra lọ forí sọ dúrọ́ọ̀mù omi. Mo ní sálúbàtà mi ló tutù. Nígbà tí mo dé ojú títì, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa na ọwọ́ kí n gbé òun. Mo tẹ bíréèkì, mọ́tò kò dá mi lóhùn. Mo na ọwọ́ síta láti ṣàlàyé, ó rò pé mo ń juwọ́ ó dàbọ̀ sí òun ni. Títí di òní ni wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ̀dà ti gun Tíṣà lórí. Ọlọ́gbọ́n ì bá ti padà sílé. Èmi ń fi jíà dín eré kù, mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀dà tuntun ni, yóò mọra láìpẹ́. Mo tilẹ̀ ń gbóòórùn bí ẹni pé wọ́n ń dín nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà.

Ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ àgbàlá Màmá. Ó ti múra, ó dúró ti ẹrù rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

“Káàbọ̀, àna mi! Wò ó bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dán! Ó tó, dúró níbẹ̀… Dúró! Tíṣà, dúró o!”

Mo tẹ bíréèkì. Mo tún un tẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró lórí rẹ̀. Màmá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọ ogún ọdún, mọ́tò sì kọjá níwájú rẹ̀, ó wọ abẹ́ pẹpẹ, níbi tó ku eérú nìkan, iná iwájú kan sì fọ́. Pupuru roboto, dúdú fún èéfín, ń já bọ́ lórí mọ́tò gbì, gbì, gbì. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín wọn.

“Màmá, ẹ forí jì mí. Bíréèkì ni.”

Màmá ń fín imú. “Àdín ni mo ń gbóòórùn yìí?”

N kò lè gbójú sókè. “Àdín ni, Màmá.”

“Ọmọ tuntun là ń fi àdín pa lára, Tíṣà. Ta ló bí mọ́tò?”

Mẹkáníìkì tí wọ́n pè wá fi ìka kan dísíìkì, ó mi orí. “Tíṣà, ojú ibi tí páàdì inú kálípà ń dì mú, ìhòòhò ni wọ́n dá a. Ìpẹtà tí òjò bá mú wá síbẹ̀, ẹ ṣáà tẹ bíréèkì láàárọ̀, páàdì á jẹ ẹ́ dànù. Kálípà nìkan ni kí ẹ máa kùn.”

Màmá ṣa pupuru tí kò fọ́ sínú àpò, ó pe ọ̀kadà. Kò bú mi. Ó kàn fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Mi ò bínú sí ẹ, ọmọ mi. Àmọ́ ọmọ tó wà ní Àjàgbà yẹn, ìyá àgbà tó lẹ́sẹ̀ méjèèjì ló ń retí.”

Ọ̀kadà náà ló ń gùn títí di òní. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, á ní, “Ṣé o ti fọ àdín kúrò?” A óò jọ rẹ́rìn-ín, á sì na ọwọ́ sí ọlọ́kadà.

Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ pé kì í ṣe gbogbo irin ni àdá. Ẹ̀bi àdín, tèmi ni, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí n kun ojú dísíìkì? Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, ó ní, “Ọ̀gá, ọ̀dà ni mo tà, n ò ta bíréèkì.” Èyí kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó agolo yìí wọ̀lú, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tà á láìmọ ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí ló dé tí kò sí ìkìlọ̀ kankan ní èdè tí à ń kà? Ká ní ẹsẹ̀ Màmá kò yá ńkọ́? Ẹ bọ́ síta kí ẹ wá dáhùn. Mo ń dúró dè yín. Màmá kò dúró ní tirẹ̀. Ó ti gun ọ̀kadà lọ.