Ta Ló Kọ́kọ́ Rí Alága Tó Rìn?

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, báàgì ìledìí ló sì kọ́kọ́ wọlé kí olùpẹ̀jọ́ tó wọlé. Èmi akọ̀wé ààfin ni mo bá wọn gbé e kalẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, pálọ̀ Baálẹ̀ wa là ń pè ní ààfin. Àga mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀kan ti kán, ìyẹn la sì máa ń fún ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́. Baálẹ̀ ni bàbá náà lóòótọ́, àmọ́ Kábíyèsí là ń pè é, torí ẹni tó bá pè é ní Baálẹ̀ kì í tètè rí ìdájọ́ gbà.

Olùpẹ̀jọ́ ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Màmá Jẹ́lé, obìnrin tó sọ ilé ara rẹ̀ di jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ méjìlá ló ń bá àwọn ìyá wọn tọ́jú níbẹ̀, kò sì sí èyí tó tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nínú wọn. Ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá ni ọmọ agbẹ̀bí, ọmọ oṣù mẹ́rìndínlógún tí gbogbo wa ń pè ní Alága. Ìgbà tó ti mọ ìjókòó ni kò ti fẹ́ dìde mọ́. Á jókòó, á gbé ọwọ́ lé ikùn, á máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìpàdé ni wọ́n wá bá òun ṣe.

Kábíyèsí ní kí agbẹ̀bí, tó gbé Alága lé ẹsẹ̀, rojọ́.

"Kábíyèsí, wọ́n jí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ọmọ mi," ló wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n dá a padà fún mi."

Ọ̀tún, tó jẹ́ igbákejì Kábíyèsí, béèrè bóyá bàtà ni wọ́n jí. Agbẹ̀bí ní kì í ṣe bàtà. Ó ní ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Alága dìde nílé níwájú òun, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sì ṣubú lé òun lẹ́sẹ̀. Ó ní òun sunkún. Òun pe àwọn ẹ̀gbọ́n òun lórí fóònù, òun pe àwọn àbúrò, òun tún pe àwọn tí àwọn ti ń bínú síra wọn láti ọdún tó kọjá. Nígbà tó di Mọ́ńdè, kò sí aboyún tó wá rọbí tí òun kò sọ fún, títí kan àwọn tí kò lókun láti gbọ́. Òótọ́ ló sọ. Ó dá èmi náà dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

"Àfi bí mo ṣe ṣí báàgì ọmọ mi lọ́jọ́ Ẹtì," ló wí, "tí mo bá ìwé yìí níbẹ̀."

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé oríṣi ìwé méjì ni Màmá Jẹ́lé ń kọ. Ọ̀kan ń bá ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sílé lójoojúmọ́: ó jẹun, ó sùn, ó ṣeré. Èkejì kì í kúrò nílé, torí òótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n obìnrin yìí wá ra ìwé méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, pẹ̀lú èèpo búlúù kan náà. Lọ́jọ́ Ẹtì náà, òótọ́ ló ṣèèṣì kó sínú báàgì Alága.

Kábíyèsí ní kí n kà á. Mo kà á síta: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Alága rìn lónìí, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án. Ó fi lọ gba bisikíìtì lọ́wọ́ ọmọ télọ̀. Kí n má sọ fún ìyá rẹ̀. Kí n sọ pé ó jọ pé ó fẹ́ rìn."

"Ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú Sátidé tèmi nìyẹn," agbẹ̀bí wí. "Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọmọ mi fi ń rìn lẹ́yìn mi. Tí mo bá dé láti wá mú un, á jókòó. Màmá Jẹ́lé á ní, 'Ó jọ pé ó fẹ́ rìn o, ẹ máa wò ó dáadáa nílé.' Èmi náà á sì máa dúpẹ́."

Ohùn rẹ̀ yí padà. "Kábíyèsí, èmi ni mo kọ́kọ́ rí ọmọ gbogbo yín, kí ẹ̀yin fúnra yín tó rí wọn. Tèmi nìkan ni mo máa ń rí kẹ́yìn. Ẹyọ kan ló kù fún mi. Kò tíì pe 'màmá'. Tí wọ́n bá tún gba ìyẹn mọ́ mi lọ́wọ́..."

Kò parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí Kábíyèsí ti jẹ́lé-ó-sinmi náà pa. Àwọn ìyá tó ń yọjú lójú fèrèsé bá mí kanlẹ̀, torí bí wọ́n bá tì í, olúkúlùkù ni yóò pọn ọmọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ-ọmọ Kábíyèsí náà wà ní jẹ́lé yẹn. Ọmọbìnrin rẹ̀, tóun náà wà lójú fèrèsé, sì ti sọ fún un láàárọ̀ pé tí jẹ́lé bá fi lè tì, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà lọmọ máa wà. Ìdájọ́ òdodo kì í ṣòro fún irú adájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan Màmá Jẹ́lé. Orí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló jókòó sí, kò sì mì, torí àga ọmọdé ló ti mọ́ ọn lára.

"Mi ò jí nǹkan kan, Kábíyèsí. Kò sí ọmọ tó rìn lọ́dọ̀ mi rí. Ogún ọdún rèé."

"Ogún ọdún, kò sí ọmọ tó rìn?"

"Wọn kì í rìn. Wọn kì í hu eyín, wọn kì í sọ̀rọ̀. Ilé ìyá wọn ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ẹ̀. Òfin iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Èyí tí o kọ sínú ìwé wá ńkọ́?"

"Ojú mi ló rí ìyẹn, Kábíyèsí. Ẹnu mi ò sí níbẹ̀."

Ó wá yíjú sí agbẹ̀bí. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ń rọbí lọ́dọ̀ yín, tó ń béèrè pé ìgbà wo ló máa tán, kí lẹ sọ fún un?"

Agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìledìí inú báàgì tò.

"Ẹ ní, 'Ó kù díẹ̀.' Aago méje àárọ̀ lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ló bí."

"Ìyẹn yàtọ̀. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́."

"Ọkàn tiyín náà ńkọ́?"

Ọ̀tún ní ọgbọ́n obìnrin yìí ti pọ̀ jù, ó ní kí n ṣí ojú ewé mìíràn kí àṣírí rẹ̀ tú dáadáa. Mo ṣí i. Ó wà níbẹ̀ pé: "Ọmọ-ọmọ Ọ̀tún sọ̀rọ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni 'ó tì'." Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Ọ̀tún ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé "bàbá àgbà" ni ọmọ náà kọ́kọ́ pè. Kábíyèsí fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rí orúkọ ọmọ-ọmọ tirẹ̀ ní ojú ewé kejì. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní ó ti di ti ààfin, ó sì jókòó lé e lórí títí ẹjọ́ fi parí.

Agbẹ̀bí pe ẹlẹ́rìí. Ọkọ rẹ̀ ni, ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe. Agbẹ̀bí ní kó sọ bí inú àwọn méjèèjì ṣe dùn lọ́jọ́ Sátidé náà.

"Inú wa dùn," ọkọ wí, ó sì ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé ó yà ọ́ lẹ́nu?" Kábíyèsí béèrè.

Ọkùnrin náà ní ìyàlẹ́nu pín sí oríṣiríṣi. Kábíyèsí ní kó mú ọ̀kan. Ó wá jẹ́wọ́ pé ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ìṣẹ́gun Màmá Jẹ́lé, Alága ti rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àpótí irinṣẹ́ òun.

"O ò sì sọ fún mi?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"O wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kó tún un ṣe níwájú ẹ ni. Ta lo rò pé ó gbé e dúró lọ́jọ́ Sátidé?"

Ìyá rẹ̀, ìyẹn ìyá ọkọ agbẹ̀bí, tí ẹnikẹ́ni kò pè, pòṣé níbi tó jókòó sí. "Ohun tó ti gbó lẹ̀ ń jiyàn lé lórí. Ọjọ́rú tó ṣáájú Àìkú yẹn lọmọ náà ti lé ológbò jáde nínú ilé ìdáná mi. Kò tiẹ̀ rìn. Ó sáré ni."

"Màmá, ẹ ò sọ fún mi," ọkùnrin náà wí.

"Kí n sọ fún ẹ, kí o lè lọ sọ fún ìyàwó mi?"

Ni Màmá Jẹ́lé bá ní ọ̀rọ̀ ológbò kò dá òun lójú, torí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ Alága ṣì ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò rìn rí. Ìyá àgbà ní ṣé òun ń parọ́ ni? Ọkọ agbẹ̀bí ní ọjọ́ Àìkú tòun ló dájú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí i, wọ́n gbàgbé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀, n kò tíì rí ibi tí àwọn ọ̀daràn ti ń du ipò kìíní rí.

"Èmi ni mo wá ṣe ìkẹrin," agbẹ̀bí wí.

"Tí a bá ka ológbò mọ́ ọn," Ọ̀tún tù ú nínú, "ìkarùn-ún ni."

Kábíyèsí tún fìlà dé, ó dájọ́. Ó ní ìṣísẹ̀ kò ṣeé dá padà, ọmọ tó ti rìn kò ṣeé ní kó lọ máa rákòrò. Ó ní jẹ́lé-ó-sinmi kò ní í tì, ire ìlú sì lòun ń wò. Ẹnikẹ́ni kò wo ọmọbìnrin rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Àmọ́ láti òní lọ," ló wí, "ẹni tó bá rí ohun tí ọmọ kọ́kọ́ ṣe, tó fi pamọ́ fún ìyá ọmọ, àárọ̀ mẹ́sàn-án ni yóò fi fọ póò gbogbo ọmọ jẹ́lé. Ì báà jẹ́ bàbá ọmọ, ì báà jẹ́ ìyá àgbà, ì báà jẹ́ ẹni tó wà nínú ààfin yìí. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àárọ̀ ọ̀la ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀."

Màmá Jẹ́lé ní òun ti ń fọ̀ ọ́ láti ogún ọdún. Kábíyèsí ronú díẹ̀, ó ní kó máa bójú tó àwọn yòókù nígbà náà. Agbẹ̀bí béèrè bóyá òfin náà máa mú ẹni ńlá. Ọ̀rọ̀ yìí bí Kábíyèsí nínú. Ó ní òfin òun kì í wojú.

Ibẹ̀ ni fóònù agbẹ̀bí ti dún. Aboyún kan ti dé ilé ìwòsàn. Ó gbé Alága kalẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó jáde sí fàráńdà, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé: "Mo ń bọ̀. Ẹ fún un lómi mu. Ẹ sọ fún un pé ó kù díẹ̀."

Alága jókòó láàárín wa, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó dìde. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ Kábíyèsí, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó nawọ́ sí ibi tí ìyá rẹ̀ gbà jáde.

"Màmá," ló wí.

Ó tún un pè, ó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Màmá."

Ọ̀tún gbójú sókè àjà. Bàbá ọmọ fi eyín di ètè. Ìyá àgbà fa gèlè bo ẹnu, èmi náà ń wo ẹnu bírò mi. Ó dùn mí gan-an, kí n má parọ́, torí ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín obìnrin náà àti ohun tó ti ń retí. Màmá Jẹ́lé nìkan ni kò wo ibòmíràn. Kábíyèsí ló ń wò.

Agbẹ̀bí wọlé. "Kí ló dé tí ibí yìí pa rọ́rọ́?"

Kábíyèsí la ẹnu. Ó wo aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wo bó ṣe ń wá báàgì ìledìí káàkiri, ó sì wúkọ́.

"Kò sí nǹkan kan, nọ́ọ̀sì. Àmọ́ ó jọ pé ọmọ yìí fẹ́ sọ̀rọ̀. Máa tẹ́tí sí i dáadáa nílé."

Ó wo Kábíyèsí. Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti ń sọ "ó kù díẹ̀" fún aboyún láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó mọ irú ojú yẹn bó bá rí i. Mo rò pé yóò gbé báàgì kalẹ̀, kí ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ńṣe ló pọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Kábíyèsí," ló wí. "Màá tẹ́tí sí i." Ó sì bá ti ẹ̀ lọ.

Nígbà tó ti rìn jìnnà díẹ̀ ni Màmá Jẹ́lé dìde lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Kí ẹ pẹ́ fún wa, Kábíyèsí. Póò méjìlá ni. Aago méje la máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, fóònù gbogbo wa dún tẹ̀léra. Alága ti pe màmá, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bọ́ bàtà. Agbẹ̀bí ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Olúkúlùkù wa ní, há, lóòótọ́? Ọ̀tún ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kábíyèsí ní ó ya òun lẹ́nu gidi. Bóyá agbẹ̀bí mọ̀, bóyá kò mọ̀, n kò béèrè. Ẹ̀yin tí mo ń sọ fún náà, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ràn póò.

Láàárọ̀ yìí, aago méje kò tíì lù tán tí a ti wà lẹ́yìn ilé Màmá Jẹ́lé, nídìí ẹ̀rọ omi: Kábíyèsí, Ọ̀tún, ọkọ agbẹ̀bí, ìyá rẹ̀ àti èmi, a ká apá aṣọ sókè. Àwọn ọmọ tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Èyí tí a bá ti fọ̀ mọ́, ọ̀kan nínú wọn á wá gbà á, á lọ lò ó, á sì dá a padà fún wa. Màmá Jẹ́lé jókòó sórí àga ọmọdé, ó ń kọ ìwé tuntun kan tí èèpo rẹ̀ pupa. Nígbà tó ṣe, Kábíyèsí na ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ tí ọṣẹ kún ti fìlà sẹ́yìn, ó sì béèrè ìgbà wo ló máa tán.

"Ó kù díẹ̀, Kábíyèsí," Màmá Jẹ́lé wí.